Awò Orí Ìbọn Bàbá Ọdẹ

Ohun tí mo sọ nínú ètò ọ̀sẹ̀ yìí nìyí, tí mo tẹ̀ síbí fún àwọn tí dátà wọn ò tó láti gbọ́ ohùn, àti àwọn tó ń yọ́ fóònù wò níbi iṣẹ́. Mo ti yọ gbogbo "ẹ̀n-ẹ̀n" mi kúrò, mo sì ti yọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò ti dá sí ọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ ìbọn ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má sá. Ìbọn ọdẹ ni mo ń wí, kì í ṣe ti àwọn tó ń da ọ̀nà rú. Kódà, kì í ṣe ìbọn gan-an, bí kò ṣe irin kékeré méjì tó máa ń wà láàárín ìbọn àti awò tí wọ́n ń gbé sórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń sọ pé, "Kí ló kàn mí níbẹ̀? Yàrá kan ni mo ń gbé ní Bódìjà." Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀. Ẹ̀yin tí bàbá yín tàbí ìyá yín ti ń fa fóònù sẹ́yìn kó tó lè ka ohun tó wà lójú rẹ̀, ẹ̀yin gan-an ni mo ń bá sọ̀rọ̀.

Ìpè láti Ìyànà Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ń gbé ní Ìyànà Ọ̀fà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú. Láti Ìbàdàn, kò jìnnà rárá. Ṣùgbọ́n bẹ́ ẹ bá ti sọ̀ kalẹ̀ nínú mọ́tò, tẹ́ ẹ gun ọ̀kadà wọ ọ̀nà oko, ariwo ìgboro ti tán nìyẹn. Ẹ̀gẹ́ lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì, ọ̀pẹ níwájú, àti igbó tí ọ̀yà ń gbé.

Bàbá Ọdẹ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Wọ́n ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún. Àgbẹ̀ ni wọ́n lọ́sàn-án, ọdẹ ni wọ́n lóru. Nígbà tí mo wọ yunifásítì, tí bàbá mi ń wá owó kọ̀ǹpútà àlòkù fún mi, owó ẹran ìgbẹ́ Bàbá Ọdẹ ló kún un. Orí kọ̀ǹpútà yẹn ni mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé ohùn, bí wọ́n ṣe ń to ètò. Nítorí náà, bí Bàbá Ọdẹ bá pè mí, mi ò kì í jẹ́ kí fóònù dún lẹ́ẹ̀kejì.

Wọ́n pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o ti jí?"

"Mo ti jí sà. Ẹ káàárọ̀ sà. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan. Fóònù tẹ́ ẹ fi ń ra ọjà yẹn, ṣé ó lè bá mi ra awò?"

"Awò ojú ni, sà?"

"Rárá o! Ojú mi mọ́ kedere. Awò orí ìbọn ni. Èyí tó máa ń fa nǹkan súnmọ́ èèyàn. Mo rí i lọ́wọ́ ọmọ ọdẹ kan lápá Lálúpọn."

Ẹ fi ìdáhùn yẹn sọ́kàn: "Ojú mi mọ́ kedere." A máa padà síbẹ̀.

Ìbọn méjì ni Bàbá ní, àwọn méjèèjì ló sì ní ìwé àṣẹ. Ọ̀kan ni ṣakabùlà, èyí tí wọ́n ń ki ẹ̀tù àti ọta láti ẹnu. Ìkejì ni ìbọn afẹ́fẹ́, tí kò lo ẹ̀tù rárá. Sípíríǹgì ńlá kan ló wà ní ikùn rẹ̀. Òun ni wọ́n fi ń yin ọ̀kẹ́rẹ́ àti àparò. Wọ́n ní kí n ra awò tó máa bá méjèèjì mu.

Mo ní, "Ó ti tán, Bàbá." Ẹ̀yin èèyàn mi, kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Bí mo ṣe fi owó jóná

Mo ṣí fóònù, mo tẹ ohun tí mò ń wá, awò sì tò lọ rẹrẹẹrẹ. Mo mú èyí tó dára lójú, dúdú, ó ń dán. Mo wò ó pé òrùka wà nínú àpótí pẹ̀lú rẹ̀. Mo sanwó. Ọjọ́ kẹrin, ọjà dé. Ọjọ́ Sátidé, mo gbé e lọ sí Ìyànà Ọ̀fà bí ẹni gbé ìyàwó.

A jókòó sábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá gbé ìbọn afẹ́fẹ́ jáde. Mo gbé awò lé e, kò jókòó. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Ó ń mì lórí ìbọn bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

Bàbá kàn ń wò mí. Nígbà tó yá, wọ́n ní, "Ṣé ilé-ìwé yẹn kọ́ yín ní ìwọ̀n ṣá?"

Mo pe ẹni tó tà á fún mi. Ó ní ọjà tó ti jáde nínú ọ̀rá kì í padà. Ó dáa. Mo padà sí Ìbàdàn pẹ̀lú ìtìjú, mo sì ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe ṣáájú: mo kàwé nípa rẹ̀. Ohun tí mo rí nìyí, ẹ jẹ́ kí n fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́.

Òrùka kì í ṣe òrùka lásán

Awò kì í fúnra rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ìbọn. Nǹkan méjì ló ń dì í mú. Àkọ́kọ́ ni ìjókòó, ìyẹn irin tó di orí ìbọn mú. Ìkejì ni òrùka, tó gbá ara awò mọ́ra. Nígbà mìíràn, irin kan náà ló ń ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Ẹni tó bá náwó rẹpẹtẹ lórí awò, tó wá fi òrùka ọ̀fẹ́ dì í, onítọ̀hún kọ́ ilé alájà sórí iyanrìn.

Bí ẹ bá fẹ́ ra òrùka, ìbéèrè mẹ́rin ni kẹ́ ẹ bi ara yín.

Ìbéèrè kìíní: báwo ni orí ìbọn yín ṣe rí? Ibi tí mo ti ṣubú nìyẹn. Púpọ̀ nínú ìbọn afẹ́fẹ́ ló ní poro méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n gé sí orí rẹ̀, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Ẹ̀yin ọmọ àgbẹ̀, ẹ ro ebè kan tí poro wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ìbú ebè yẹn sábà máa ń tó mílímítà 11. Ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ìbọn òde òní ní ojú irin ńlá lórí, tó fẹ̀ tó bíi mílímítà 21, tí wọ́n sì gé àlàfo sí i ní ìdábùú, bí igi tó wà lábẹ́ ojú irin rélùwéè. Oríṣi rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù ni Picatinny. Ibi iṣẹ́ ohun ìjà àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà kan ní ìpínlẹ̀ New Jersey ló ti gba orúkọ yẹn, ọdún 1995 ni wọ́n sì gbé ìwọ̀n rẹ̀ kalẹ̀ kí gbogbo ilé iṣẹ́ lè máa ṣe é bákan náà. Òrùka tó bá ti ojú irin ńlá yẹn mu kò lè di poro mílímítà 11 mú láéláé. Èyí tí mo rà nìyẹn. Mo ra bàtà ẹsẹ̀ bàbá fún ọmọ ọdún mẹ́ta.

Ìbéèrè kejì: báwo ni ara awò ṣe nípọn tó? Ọ̀pọ̀ awò ni ara rẹ̀ jẹ́ íńṣì 1, ìyẹn mílímítà 25.4. Òmíràn jẹ́ mílímítà 30, àwọn ńláńlá sì wà tó jẹ́ 34. Bí òrùka bá tóbi ju awò lọ, awò á máa yọ̀ nínú rẹ̀. Bí òrùka bá kéré jù tẹ́ ẹ sì fi agbára dì í, ẹ máa fún awò lọ́rùn pa. Ẹ má dá bébà wé mọ́ ọn pé kó lè fún. Ẹ lọ ra ìwọ̀n rẹ̀.

Ìbéèrè kẹta: báwo ni òrùka ṣe ga tó? Iwájú awò máa ń fẹ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bí òrùka bá kúrú jù, iwájú awò á kan ọ̀pá ìbọn, ó sì lè ba awò jẹ́. Bó bá sì ga jù, ẹ̀rẹ̀kẹ́ yín á kúrò lára igi ìbọn, ẹ óò máa na ọrùn bí ògòǹgò. Ohun tó dára ni kó sún mọ́ ìbọn bó bá ti lè ṣeé ṣe, láìjẹ́ pé ó kàn án. Ẹ fi bébà tẹ́ẹ́rẹ́ dán an wò láàárín awò àti ọ̀pá ìbọn. Bébà gbọ́dọ̀ kọjá láìsí wàhálà. Ìdí mìíràn tún wà. Ojú yín ń wò láti òkè awò, ọta sì ń jáde láti ìsàlẹ̀. Bí awò bá ṣe ga tó, bẹ́ẹ̀ ni ọta á ṣe máa bà nísàlẹ̀ ibi tẹ́ ẹ fojú sùn, pàápàá bí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ yìn bá wà nítòsí.

Ìbéèrè kẹrin, òun ni àwọn èèyàn kì í bi: báwo ni ìbọn yín ṣe ń tani nípàá? Ìbọn tó ń lo ẹ̀tù ń tani sẹ́yìn lẹ́ẹ̀kan. Ìbọn afẹ́fẹ́ onísípíríǹgì ń tani lẹ́ẹ̀mejì. Bí sípíríǹgì bá ti já lọ síwájú, ìbọn á ti ara rẹ̀ sẹ́yìn. Bí irin inú rẹ̀ bá sì ti dé òpin tó dúró gbì, ìbọn á tún fò síwájú. Gbogbo ẹ̀ kò tó kí ẹ ṣẹ́jú. Ṣùgbọ́n ìgbọ̀nrìrì sẹ́yìn-síwájú yẹn máa ń fa awò rìn lórí poro díẹ̀díẹ̀, ó sì lè fọ́ inú awò tí wọn ò ṣe fún ìbọn afẹ́fẹ́. Ìdí nìyẹn tí òrùka ìbọn afẹ́fẹ́ tó dára fi ní píìnì kékeré kan tó ń wọ inú ihò lórí ìbọn, kó má bàa lè rìn. Èyí tó jẹ́ odidi irin kan, tí òrùka méjèèjì wà lórí rẹ̀, sì ń di ìbọn mú ju èyí tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ.

Títò rẹ̀ náà ní ọgbọ́n. Ẹ fi aṣọ nu epo kúrò ní poro àti nínú òrùka. Ẹ rí i pé ìbọn ò ní ọta nínú. Ẹ fi àlàfo bí ìbú ìka mẹ́rin sílẹ̀ láàárín ojú yín àti ẹ̀yìn awò, kó má lọ gbá yín nípéǹpéjú. Bẹ́ ẹ bá ń dì síkúrù, ẹ má dì ẹ̀gbẹ́ kan tán kẹ́ ẹ tó bọ́ sí ìkejì. Ẹ dì í díẹ̀ níhìn-ín, díẹ̀ lọ́hùn-ún, bí vọ́kánáísà ṣe ń dì nọ́ọ̀tì táyà. Ẹ mú kọ́kọ́rọ́ síkúrù níbi tó kúrú, ìka méjì sì tó. Agbára tẹ́ ẹ fi ń ṣí ìdérí ìgò ọtí, ẹ fi sílẹ̀ fún ìgò.

Ṣakabùlà ńkọ́?

Mo padà lọ sí Ìyànà Ọ̀fà ní Sátidé mìíràn pẹ̀lú òrùka gidi. Bàbá kọ́kọ́ na ṣakabùlà sí mi. "Gbé e lé èyí ná."

Mo ní, "Bàbá, kò sí ibi tó máa jókòó sí."

Àwọn alágbẹ̀dẹ wa ló ń rọ ṣakabùlà. Irin tó bá wà lárọ̀ọ́wọ́tó ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pá rẹ̀, páìpù omi tàbí ọ̀pá ìdarí ọkọ̀. Kò sí poro lórí rẹ̀, kò sí ojú irin. Inú ọ̀pá rẹ̀ sì dán bọ̀rọ́, kò ní ìlà tó ń yí ọta. Ìlà yíyípo yẹn ló ń mú kí ọta ìbọn òyìnbó rìn tààrà lọ jìnnà. Ọta ṣakabùlà a máa fọ́n ká ni, nítorí náà itòsí ni wọ́n ti ń yìn ín. Awò tó ń fa ohun tó wà ní mítà 200 súnmọ́ yín, kí ni yóò ṣe lórí ìbọn tí agbára rẹ̀ kò dé ibẹ̀? Ẹni tó bá sì ní kí wọ́n jó irin mọ́ ọ̀pá rẹ̀ kí awò lè jókòó, ó ń fi iná kan ọ̀pá tí ẹ̀tù máa bú nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ara rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti òfin kún un, nítorí ọ̀pọ̀ yín ló máa béèrè. Òfin ìbọn ilẹ̀ wa, tó ti wà láti ọdún 1959, pín ìbọn sí ọ̀nà mẹ́ta. Àwọn kan wà tí aráàlú ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn: ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́ àti àwọn bẹ́ẹ̀. Àwọn kan wà tí èèyàn lè gbàwé àṣẹ fún: irú ìbọn ọdẹ òyìnbó kan, àti ìbọn afẹ́fẹ́. Ìpín kẹta ni ti àwọn ìbọn tí wọ́n ń ki láti ẹnu, níbi tí ṣakabùlà wà. Òun náà nílò ìwé. Ẹ má gbọ́ "ìbọn afẹ́fẹ́" kẹ́ ẹ rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni. Lójú òfin, ìbọn ni.

Ihò inú bébà

A to awò sórí ìbọn afẹ́fẹ́. Ó jókòó. Kò mì. Bàbá fi ọwọ́ gbá a, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Ó ti di ọ̀kan."

A lọ sí ẹ̀yìn oko, níbi tí òkìtì ọ̀gán ńlá kan wà. Mo lẹ bébà funfun mọ́ ara òkìtì náà kí ọta má bàa sá lọ. Mítà 20 ni mo wọ̀n. Mo fa àmì dúdú sí àárín bébà.

Bàbá jókòó, wọ́n gbé ìbọn lé àpò iyanrìn, wọ́n yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Mo lọ wo bébà. Ihò kan wà lókè, ọ̀kan wà nísàlẹ̀ lápá òsì, ọ̀kan ya etí bébà. Méjì ò tilẹ̀ ba bébà rárá.

Bàbá ní, "Òrùka yẹn ti tú."

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Kò tú. Ṣùgbọ́n nítorí ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí mi tẹ́lẹ̀, mo gbà pé èmi ni mo ṣì í. Mo tú gbogbo síkúrù, mo nu ún, mo wo píìnì, mo tún un dì. Bàbá tún yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bákan náà: ihò fọ́n ká bí àgbàdo tí adìyẹ tú.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ kí n yìn ín wò."

Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń di ìbọn yẹn mú, àmọ́ ó ti lé lọ́dún mẹ́jọ tí mo ti fọwọ́ kàn án gbẹ̀yìn. Mo yìn ín lẹ́ẹ̀marùn-ún. Nígbà tí mo dé ìdí bébà, ara mi tutù. Ihò márààrún wà níbì kan náà. Ẹyin adìyẹ kan lè bo gbogbo wọn.

Mo dúró síbẹ̀, mo kọ ẹ̀yìn sí Bàbá, mi ò mọ bí mo ṣe máa yí padà. Nígbà tí òrùka ń mì, gbogbo ẹ̀bi la lè dì lé òrùka lórí. Ní báyìí tó ti dúró gbọin, kò sí ẹlòmíràn tí a lè nawọ́ sí. Ìbọn ò ṣẹ̀. Awò ò ṣẹ̀.

Mo mú bébà méjèèjì wá fún wọn. Wọ́n mú un súnmọ́ ojú, wọ́n mú un jìnnà, wọ́n tún mú un súnmọ́ ojú. Lẹ́yìn náà, wọ́n gbé e lé orí itan, wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Iná kékeré nínú igbó

Ohun tí wọ́n sọ fún mi lábẹ́ òòrùn yẹn, mo ti gbàṣẹ lọ́wọ́ wọn kí n tó sọ ọ́ níbí.

Ẹ mọ bí ọdẹ òru ṣe ń ṣe. Ní àtijọ́, iná kábáìdì ni wọ́n ń dè mọ́rí: wọ́n á jẹ́ kí omi máa kán sórí òkúta kábáìdì, gáàsì á jáde, wọ́n á ṣáná sí i, á sì máa tàn funfun. Lónìí, tọ́ọ̀ṣì oníbátìrì ni. Bí iná yẹn bá bá ojú ẹran pàdé, ojú ẹran á tàn padà nínú òkùnkùn. Ọdẹ gidi kì í yin ojú tó ń tàn. Á dúró títí á fi rí ara ẹran, á mọ̀ bóyá ẹtu ni tàbí ewúrẹ́ aládùúgbò.

Bàbá ní, lálẹ́ ọjọ́ kan nígbà òjò, àwọn rí nǹkan tó ń tàn nílẹ̀, tó ń mì díẹ̀díẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀. Wọ́n ní iná orí àwọn ti ń fọ́nká lójú àwọn láti bí ọdún kan, bí ìgbà tí èèyàn ń wo iná mọ́tò nínú òjò. Ẹtu ni wọ́n pè é. Wọ́n gbé ṣakabùlà sójú. Wọ́n ti fẹ́ fà á.

Ni nǹkan náà bá wúkọ́.

Ọmọ kékeré kan ni. Ó ń ṣa ìgbín. Tọ́ọ̀ṣì tí bátìrì rẹ̀ ti ń kú lọ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó ń gbé kiri ìdí ewé. Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń pè é pé kó máa bọ̀.

Bàbá ní, "Mo jókòó sílẹ̀ níbẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí rèé tí mo fi ní kó o ra awò fún mi. Mo ní bí mo bá rí awò tó ń fa nǹkan súnmọ́, n óò kọ́kọ́ fi wò ó kí n tó yìn ín."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ìyókù yìí dáadáa, bí ọdẹ kankan bá wà nínú ẹbí yín. Awò orí ìbọn kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń wá nǹkan. Orí ìbọn ló wà! Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá fi awò yẹn wò, ẹ ti na ẹnu ìbọn sí i. Bí Bàbá bá fi awò wo ọmọ yẹn láti mọ̀ bóyá èèyàn ni, wọ́n ti kọjú ìbọn sí ọmọ kí wọ́n tó mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wòran, awò ìléwọ́ olójú méjì ni kó rà. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí ọdẹ wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn tó ń tàn, kí ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ má bàa pè é ní àgbọ̀nrín. Ta ló máa wọ irú aṣọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tó ń ṣa ìgbín ní Lágelú? Ojú ọdẹ nìkan ni ààbò rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, kì í ṣe awò ìbọn lẹ nílò."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Láti ìgbà tó o ti béèrè lórí fóònù ni mo ti mọ̀."

Omi ògì

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n tó gbà láti tẹ̀ lé mi lọ sí ọ̀dọ̀ oníṣègùn ojú ní Ìbàdàn. Ẹ̀rù ń bà wọ́n. Wọ́n ní ọdẹ tí wọ́n bá là lójú ti di akíjúù nìyẹn, gbogbo ẹran ìgbẹ́ á gbọ́ sí i.

Dókítà náà jẹ́ obìnrin, ó sì ní sùúrù. Ó ṣàlàyé pé awò kan wà nínú ẹyinjú olúkúlùkù wa, tó mọ́ gaara, tó ń kó ìmọ́lẹ̀ jọ. Bí ọjọ́ orí bá ń lọ, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í di funfun. Bàbá ní, "Bí omi ògì?" Ó ní, "Bí omi ògì gẹ́lẹ́ sà." Kàtáráàtì ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń fọ́ èèyàn lójú jù lọ lágbàáyé, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé tún ṣe: wọ́n á yọ awò tó ti di ògì, wọ́n á fi awò tí wọ́n ṣe rọ́pò rẹ̀. Púpọ̀ ìgbà, kì í gbà tó wákàtí kan, wọn kì í sì í kun èèyàn lóorun pátápátá. Ojú nìkan ni wọ́n ń pa lára. Iná tó ń fọ́nká lóru wà lára àmì rẹ̀.

Bàbá bi í pé, "Awò tẹ́ ẹ fẹ́ fi sí i yẹn, ta ló ń dì í mú? Ṣé kò ní mì?"

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lórí àga. Dókítà náà ní, "Ìjókòó rẹ̀ ti wà níbẹ̀ látilẹ̀wá sà. Inú àpò kékeré tí ti àkọ́kọ́ wà náà la máa fi í sí." Bàbá mi orí. Mo rí i pé ìdáhùn yẹn ló jẹ́ kí wọ́n gbà.

Wọ́n ti ṣe ojú ọ̀tún. Ti òsì ṣì kù. Owó rẹ̀ là ń kó jọ lọ́wọ́lọ́wọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí báńdéèjì, ohun àkọ́kọ́ tí Bàbá sọ ni pé mo ti gbẹ jù, pé ṣé mò ń jẹun ní Ìbàdàn.

Wọn ò lọ sóde òru mọ́. Èmi kọ́ ni mo ní kí wọ́n má lọ. Àwọn fúnra wọn ló pinnu rẹ̀. Wọ́n fi ṣakabùlà kọ́ sára ògiri. Wọ́n ṣì ń lo ìbọn afẹ́fẹ́ lọ́sàn-án, lórí ọ̀kẹ́rẹ́ tó ń jẹ kòkó. Wọ́n ní kí n tú awò kúrò lórí rẹ̀, pé irin kékeré tó wà lẹ́nu ìbọn tó àwọn. Mo tú u. Òrùka àti awò wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì mi báyìí. Kì í ṣe títà. Mo fẹ́ máa rí i.

Ẹ mọ òwe tó ní bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́, tó ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Bàbá yìí ro gbogbo rẹ̀, wọ́n sì ń fún wa jẹ. A jẹ ẹran náà lọ́dún lọ́dún, kò sì sí ọ̀kan nínú wa tó béèrè pé báwo ni ojú tó fi ń wá a.

Nítorí náà, iṣẹ́ tí mo fẹ́ fún yín lọ́sẹ̀ yìí kò le. Bẹ́ ẹ bá ń ra òrùka awò, ẹ wọn orí ìbọn, ẹ wọn ara awò, ẹ wo gíga rẹ̀, ẹ wo bí ìbọn ṣe ń tani nípàá, kẹ́ ẹ tó sanwó. Ẹ̀yin tí kò ní ìbọn kankan ní tiyín, ẹ na fóònù yín sí bàbá tàbí ìyá yín, kẹ́ ẹ ní kí wọ́n ka nǹkan kan sókè fún yín. Kẹ́ ẹ máa wo ọwọ́ wọn. Bí wọ́n bá fà á sẹ́yìn, tí wọ́n fà á síwájú, tí wọ́n ní lẹ́tà ayé ìsinyìí ló kéré jù, ẹ má bá wọn jiyàn. Ẹ kàn mú wọn lọ.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp tí bàbá rẹ̀ ń sọ pé ojú òun mọ́ kedere. Ire o.